Owó wúrà Sípéènì láyé àmúnisìn: kí ni kí ẹni tó fẹ́ kó o jọ kọ́kọ́ mọ̀?

Abíọ́lá Orlando

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Florida ni mò ń gbé. Ní Sebastian, ìlú kan létí òkun níhìn-ín, wọ́n kó owó wúrà tó jáde látinú àwọn ọkọ̀ Sípéènì tó rì lọ́dún 1715 sí mùsíọ́mù. Láti ìgbà tí mo ti fojú kàn wọ́n ló ti ń wù mí kí n ní ẹyọ kan tèmi, mo sì ti ń tọ́jú owó sí i. Ẹnìkan lórí ayélujára wá ní òun ní ẹyọ owó wúrà Sípéènì kan tó ń jẹ́ escudo mẹ́jọ tí òun fẹ́ tà. Ó ní inú ọkọ̀ Atocha ló ti jáde, ó sì fi àwòrán ìwé ẹ̀rí kan hàn mí tó ní èdìdì pupa lára. Iye tó pè é kò tó iye wúrà tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí, ṣé kí n rà á? Bí kò bá ṣe é rà, níbo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Owó Àtijọ́, London

Àbúrò mi, fi í sílẹ̀. Má tilẹ̀ bá a dúnàá-dúrà. Kò sí ẹni tó ní wúrà gidi lọ́wọ́ tí yóò tà á ní iye tó kéré sí ti wúrà inú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ wúrà èyíkéyìí ládùúgbò rẹ̀ á san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó tún burú jù ni ìtàn tó fi gbè é lẹ́yìn. Ọkọ̀ Nuestra Señora de Atocha rì nítòsí Key West ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1622. Nígbà tí Mel Fisher, ẹni tó ń wá ìṣúra inú òkun, àti àwọn èèyàn rẹ̀ kan ibi tí ẹrù rẹ̀ gangan wà ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1985, fàdákà ni wọ́n kó jù, owó fàdákà nìkan lé ní 100,000. Wúrà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá wúrà àti ẹ̀wọ̀n ọrùn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Owó wúrà ibẹ̀ kò pọ̀, ẹyọ kéékèèké ni wọ́n sì jẹ́. Tún wò ó báyìí: ní 1622 yẹn, Bogotá àti Cartagena ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí rọ owó wúrà ni. Lima kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó di 1659. Mẹ́síkò kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó di 1679. Níbo wá ni escudo mẹ́jọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fẹ́ wọ inú ọkọ̀ náà? Yálà ẹni tó ń tà á kò mọ ìtàn, tàbí ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń retí pé ìwọ kò mọ̀.

Ní ti ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, mọ ìwọ̀n kí o tó mọ nǹkan mìíràn. Escudo kan wọn gíráàmù 3.38. Méjì wọn 6.77, òun làwọn ará Sípéènì ń pè ní doblón. Mẹ́rin wọn 13.5. Mẹ́jọ wọn 27.06, wọ́n ń pè é ní onza, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́kàn tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ doubloon. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá escudo sílẹ̀ nínú àwọn ọdún 1530 títí tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi bọ́ lọ́wọ́ Sípéènì, ìwọ̀n yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ohun tó yí padà ni wúrà inú rẹ̀. Kárátì 22 ni tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìdá 91.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1772 ọba Carlos Kẹta dín in kù sí nǹkan bí 90.1. Ní 1786 ó tún dín in kù sí 87.5. Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdínkù náà, wọn kò jẹ́ kí ará ìlú gbọ́. Nítorí náà onza ọdún 1750 ní ojúlówó wúrà gíráàmù 24.8 nínú, ti ọdún 1800 sì ní 23.7. Ṣe ìṣirò yìí kí o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí iye.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ṣe é. Èyí àkọ́kọ́ ni macuquina, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cob. Wọ́n á da wúrà ní ọ̀pá, wọ́n á gé e bí ẹni ń gé dòdò, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí rẹ́ etí rẹ̀ títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi pé, wọ́n á wá fi òòlù lu àmì sí i lára. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í rí roboto, tí ọdún fi sábà máa ń bọ́ síta etí. Àmọ́ bó ti wù kó rí wọ́gọwọ̀gọ tó, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ iye tí mo kọ sókè yẹn, nítorí ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ń rẹ́ etí rẹ̀ lé. Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀rọ. Ní Mẹ́síkò, ọdún 1732 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ tẹ onza tó ní orí ọba Felipe Karùn-ún, àwọn ilé owó yòókù, ìyẹn àwọn ibi tí wọ́n ti ń rọ owó, sì tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti ẹ̀rọ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ hàn, ọdún rẹ̀ hàn, àmì ilé owó hàn, wàá sì rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ irú rẹ̀ gan-an láti fi wé e. Lójú tèmi, macuquina ló lẹ́wà jù nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ojú tí kò tíì rí púpọ̀ kò lè dá èyí tí wọ́n fi òòlù lù mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú tí wọ́n dà lánàá.

Abíọ́lá Orlando

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ọlọ́run á máa fi kún ìmọ̀ yín. Mo ti ní kí ẹni náà gbé owó rẹ̀ sórí ìwọ̀n, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Àmì ilé owó tí ẹ mẹ́nu bà yìí, ibo lára owó ni mo ti máa rí i?

Bàbá Owó Àtijọ́, London

Jẹ́ ká mú ọ̀kan tó wọ́pọ̀ kí o fi kọ́ ojú rẹ: onza Popayán, ilẹ̀ Colombia òní, nígbà ọba Carlos Kẹrin, ká ní ti ọdún 1800. Iwájú rẹ̀ ni orí ọba wà, ó kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n fi ọ̀já di irun rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, aṣọ ogun wà ní èjìká rẹ̀. Ọdún wà nísàlẹ̀ orí náà. Àkọlé tó yí i ká ni CAROL·IIII·D·G·HISP·ET IND·R, ìyẹn Carlos Kẹrin, ọba Sípéènì àti àwọn ilẹ̀ Indies nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Yí i sẹ́yìn. Wàá rí apata ọba pẹ̀lú adé lórí, ilé olódi àti kìnnìún wà nínú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n kan yí apata náà ká, àgbò kékeré kan sì rọ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọ̀hún. Àkọlé ẹ̀yìn ni IN UTROQ FELIX AUSPICE DEO. Wo ìsàlẹ̀ dáadáa: lẹ́tà P wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, JF sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. P ni Popayán. JF ni lẹ́tà orúkọ àwọn tó ń yẹ wúrà wò nílé owó náà, àwọn tí wọ́n ń fi orúkọ ara wọn dúró fún un pé wúrà náà pé.

Àwọn ilé owó yòókù: M tó ní o kékeré lórí ni Mẹ́síkò. NR ni Bogotá. S tó ní o kékeré lórí ni Santiago, ilẹ̀ Chile. Lima lo lẹ́tà orúkọ rẹ̀ tí wọ́n so pọ̀. Guatemala lo G, ó sì di NG lẹ́yìn tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1773 lé wọn kúrò ní olú ìlú wọn àtijọ́. Potosí so P, T àti S pọ̀ mọ́ra wọn, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ wúrà níbẹ̀ títí di 1778 bó tilẹ̀ jẹ́ pé fàdákà ibẹ̀ ti kún gbogbo ayé. Ní ti Cuzco, ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n rọ macuquina wúrà níbẹ̀, 1698. Bí ẹnìkan bá gbé e wá bá ọ ní iye pọ́ọ́kú, o ti mọ èsì tó yẹ kí o fún un.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàmú. Bí o bá rí owó Popayán tàbí Bogotá tó kọ FERDND·VII, tí ojú tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ ti Carlos Kẹrin bàbá rẹ̀, má sọ pé ayédèrú ni. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ogun Napoleon ti gba Sípéènì kan nígbà tí Fernando jọba ní 1808, àwòrán ọba tuntun kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé owó méjèèjì ń fi ojú bàbá tẹ owó ọmọ lọ títí di nǹkan bí ọdún 1820. Ní Lima àti Mẹ́síkò, ṣe ni àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà ilé owó gbẹ́ ojú ọba kan látinú èrò ọkàn ara wọn, nítorí wọn kò rí ọba náà rí. Mo fẹ́ràn àwọn owó wọ̀nyẹn gan-an. Wọ́n ń sọ bí ìjọba tó jìnnà ṣe rí fún àwọn tó ń sìn ín.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà, Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i o. Iṣẹ́ wúrà ni wọ́n bí mi sí, wọ́n sì máa ń gbé irú owó báyìí wá fún wa ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha á lórí òkúta, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kán ásíìdì sí i. A máa ń ṣe é fún òrùka àti yẹtí, ṣùgbọ́n owó àtijọ́ tí wọ́n bá ti ha lára ti pàdánù nínú iye rẹ̀ títí ayé. Omi ni kí ẹ lò. Ẹ wá ìwọ̀n onínọ́ńbà tó lè ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ẹ gbé owó náà lé e, ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ife omi lé ìwọ̀n yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó padà sí òdo. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so owó náà, ẹ rì í bọnú omi, kó rọ̀ láìkan ìsàlẹ̀ ife àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìfóòfó afẹ́fẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ mi òwú náà díẹ̀ títí yóò fi lọ. Nọ́ńbà tí ìwọ̀n bá sọ nígbà yìí ni ẹ máa fi pín ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó wọn 27.06 níta omi, ó sì sọ 1.52 nínú omi. Ẹ pín in, ẹ ó rí 17.8. Wúrà kárátì 22 máa ń wà láàárín 17.5 sí 18. Àwọn tí wọ́n rọ lẹ́yìn 1786 lè sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 17, nítorí bàbà àti fàdákà inú wọn pọ̀ sí i. Bí ẹ bá rí 9, bàbà tí wọ́n fi wúrà bò ni. Bí ẹ bá rí 11, ẹ fura sí òjé. Bí ẹ bá sì rí 19 sókè, ẹ má yọ̀. Nọ́ńbà ti escudo kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí, nǹkan mìíràn ló wà nínú rẹ̀.

Mo ní kí n sọ̀rọ̀ nípa platinum. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, platinum kò níye lórí tó wúrà rárá. Àwọn oníjìbìtì ilẹ̀ Sípéènì ń fi í ṣe onza, wọ́n á wá fi wúrà bò ó, nítorí ó wúwo bíi wúrà lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ti máa ń kan owó jù: etí rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba, àti orí adé. Bí wúrà òkè bá ti jẹ, ẹ ó rí funfun tó ń yọjú lábẹ́ rẹ̀, funfun tí kò pọ́n, tí kò sì dúdú bíi ti fàdákà. Ayédèrú àtijọ́ yẹn ti di ohun tí àwọn èèyàn ń dìídì wá kiri báyìí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tà á fún yín ní orúkọ tó ń jẹ́.

Èkejì ni ojú jíjó. Ọ̀pọ̀ onza làwọn obìnrin ti so mọ́ ọrùn rí. Wọ́n á jó ìkọ́ kékeré mọ́ ọn, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ẹlòmíràn á wá yọ ìkọ́ náà, á fi ayùn dán ojú rẹ̀. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ yí etí owó náà lábẹ́ iná díẹ̀díẹ̀, pàápàá lókè orí ọba gan-an. Níbi tí wọ́n ti jó o, àwọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀, á pọ́n díẹ̀ tàbí kó ràn, iṣẹ́ ọ̀nà etí náà á sì já níbẹ̀. Wúrà gidi ṣì ni, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ san iye owó tí kò lábàwọ́n lé e.

Àdùkẹ́ Tampa

Ẹ kú ọgbọ́n o, bàbá wa. Abíọ́lá, ará ilé kan náà ni wá ní Florida, nítorí náà jẹ́ kí n sọ tìhín yìí fún ọ.

Ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1715 ni àwọn ọkọ̀ náà gbéra ní Havana ní Kúbà, ọ̀gágun Juan Esteban de Ubilla ló ṣáájú wọn. Ogun ti dá òkun dúró fún ọdún púpọ̀, wúrà àti fàdákà tí ọba Felipe ń retí ti pọ̀ rẹpẹtẹ. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù yẹn, ìjì líle gbá wọn lu àpáta etíkun wa. Ọkọ̀ Sípéènì mọ́kànlá ló ṣòfò, èèyàn tó lé ní 1,000 ló sì bá a lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni Kip Wagner àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí kó owó jáde ní etíkun tó wà láàárín Sebastian àti Fort Pierce. Wọ́n ṣì ń rí i títí dòní. Iyọ̀ òkun ti jẹ fàdákà ibẹ̀ di nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kò rí wúrà ṣe. Èyí tí iyanrìn kò bá ti ha, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n kó o wọ ọkọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ ni pé owó 1715 ń tà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí ìtàn yìí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń fi ìtàn náà ṣe irọ́. Omi yẹn ní olówó. Àwọn tó ń wá nǹkan níbẹ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá kó jáde ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀, ìpínlẹ̀ Florida sì lè mú tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún mùsíọ́mù. Nítorí náà, ojúlówó owó 1715 máa ń ní ìwé: nọ́ńbà tirẹ̀, ìwọ̀n tirẹ̀, àti fọ́tò ẹyọ náà gan-an. Gbé fọ́tò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó wà níwájú rẹ. Bó bá jẹ́ macuquina, kò sí méjì tí igun wọn bára mu. Ìwé tó bá kàn sọ pé "owó ìṣúra inú òkun" láìsí fọ́tò àti nọ́ńbà kò wúlò fún ọ.

O sì lè ra ojúlówó kó tún di ẹjọ́ sí ọ lọ́rùn. Ní 2015, àwọn òmùwẹ̀ kan rí owó wúrà 101 nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n kéde. Àádọ́ta yòókù poora. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn agbófinró Florida kéde pé àwọn àti FBI ti gba mẹ́tàdínlógójì nínú rẹ̀ padà. Inú ilé, inú àpótí ìkówópamọ́ báńkì, àti ọwọ́ ilé gbàǹjo ni wọ́n ti kó wọn. Ilé gbàǹjo náà kò mọ̀ pé wọ́n jí owó ọ̀hún. Nítorí náà béèrè ọwọ́ tí owó náà ti kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí o sì gba ìwé ìrà rẹ̀.

Bákan náà, ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ń ta owó inú ọkọ̀ Mercedes, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Potogí ní 1804, sá fún un. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan kó nǹkan bí 594,000 ẹyọ owó jáde níbẹ̀ ní 2007, fàdákà ló pọ̀ jù. Sípéènì pè wọ́n lẹ́jọ́, ó jàre, bàálù Sípéènì sì kó gbogbo rẹ̀ padà lọ ní oṣù Kejì ọdún 2012. San José tó rì nítòsí Cartagena ní 1708 ńkọ́? Ìjọba Colombia ló wà nídìí rẹ̀, ó ju mítà 600 lọ sísàlẹ̀ omi. Kò sí owó inú rẹ̀ kankan lọ́jà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì gbádùn rẹ̀. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un nípa onza Popayán tí Bàbá fi ṣàpẹẹrẹ, nítorí àwa Yorùbá ló ń kà á níbí.

Wúrà ilé owó yẹn, láti Chocó, Barbacoas àti àwọn odò Cauca ló ti ń wá. Ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń wa iyanrìn odò, tí wọ́n ń fi àwo onígi tí wọ́n ń pè ní batea yí i nínú omi títí eruku wúrà á fi jókòó sísàlẹ̀. Àwọn ará Sípéènì máa ń fi orúkọ ibi tí wọ́n rò pé wọ́n ti kó ẹrú wá sọ wọ́n lórúkọ. Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá àtàwọn aládùúgbò wọn. Orúkọ náà kò parẹ́. Bí ẹ bá dé Cauca àti Cali lónìí, ẹ ó pàdé àwọn ìdílé tí àpèlé wọn ń jẹ́ Lucumí, àwọn mìíràn ń jẹ́ Carabalí, Mina tàbí Arará.

Owó náà tún padà wá bá wa nílé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ẹrú láti Kúbà àti Bràsíìlì ń kó onza àti dọ́là fàdákà wá sí Ouidah àti Èkó, wọ́n ń fi í ra èèyàn. Wúrà kan náà tí ẹrú wà jáde nínú odò ni wọ́n fi ń ra ẹrú mìíràn.

Ìyá Fúnmi

Ọkàn mi bàjẹ́ bí mo ṣe ka èyí. Ṣé ó wá yẹ ká máa fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sílé? Èmi kò rò pé mo lè fọwọ́ kàn án.

Bàbá Owó Àtijọ́, London

Ìyá Fúnmi, ọ̀rọ̀ yín wúwo, n kò sì ní já a sí kékeré. Mo ní onza Popayán nínú àkójọ mi. Káàdì tó wà nídìí rẹ̀ sọ ọdún, ìwọ̀n àti àmì ilé owó, ó sì sọ Barbacoas, ó sọ Lucumí. Bí àwọn ọmọ mi bá fẹ́ rí owó náà, káàdì yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà. Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn oníṣòwò tí mo ti rí ń sọ̀rọ̀ ọba àti ìjì òkun, wọn kì í sọ ẹni tó wa wúrà náà. Bí àwa tí a mọ̀ kò bá kó o jọ, àwọn tí kò fẹ́ mọ̀ ni yóò kó o jọ.

Ìyá Fúnmi

Mo gbọ́, sà. Ojú tí mo fi ń wò ó kò tíì yí padà tán, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ẹ kọ Lucumí sí káàdì yẹn.

Kúnlé Houston

Ẹ má gbàgbé láti sọ fún un kó má fọ̀ ọ́! Kò gbọdọ̀ rí ọṣẹ ìfọyín, kò gbọdọ̀ rí aṣọ ìdán nǹkan. Bí ọ̀rá ọwọ́ bá wà lára rẹ̀, kó rì í bọ acetone tó mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kó yọ ọ́, kó jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ó tán. Bí iyanrìn tàbí nǹkan òkun bá lẹ̀ mọ́ ti 1715, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ni.

Abíọ́lá Orlando

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ẹni tó ń ta "Atocha" yẹn ní òun kò ní ìwọ̀n nílé, nígbà tí mo sì ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó yọ ìpolówó rẹ̀ kúrò. Mo ti fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn ti yí èrò mi padà lórí ohun tí mo fẹ́ rà. Popayán ni mo fẹ́ báyìí. Owó mi kò tó onza, àmọ́ mo rí escudo méjì ti Carlos Kẹrin kan nínú gbàǹjo tó ń bọ̀, ó wà nínú ike NGC, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò, tó ń fún un ní máàkì, tó sì ń fi ike dì í. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Bàbá Owó Àtijọ́, London

O ṣe dáadáa. Escudo méjì dára fún ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀nà kan náà ló wà lára rẹ̀.

Mú nọ́ńbà tó wà lára ike náà, tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NGC fúnra rẹ. Bí fọ́tò bá wà níbẹ̀, fi wé èyí tí wọ́n ń tà: wo àwọn ìlà kéékèèké tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba, wo ibi tí lẹ́tà bá sún mọ́ etí. Àwọn kan ti ń ṣe ayédèrú ike báyìí, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà tó jẹ́ ti owó mìíràn sí i. Ohun tó wà nínú ike ni kí o rà, má kàn ra máàkì tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Mo ti rí ẹyọ tó gba máàkì gíga tí ojú rẹ̀ kò wù mí, mo sì ti rí èyí tó gba máàkì kékeré tó jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é ju pé ó rin ọjà púpọ̀.

Lẹ́yìn náà, ka òfin gbàǹjo náà. Iye tí wọ́n bá lu òòlù lé kọ́ ni wàá san. Owó ilé gbàǹjo tún wà lórí rẹ̀, ó sábà máa ń tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, àti owó ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú. Kọ iye tí o kò ní kọjá sínú ìwé kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì ti ka gbogbo ìwọ̀nyí mọ́ ọn.

Kúnlé Houston

Ní ti ìtọ́jú: bó bá wà nínú ike, fi í síbẹ̀. Bí o bá ra èyí tí kò ní ike, etí ni kí o máa fi ìka mú, má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Yẹra fún àpò ọ̀rá rírọ̀ tó ní PVC nínú, ó máa ń tú nǹkan tútù bí òróró sára owó. Sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ kí owó náà tó wọlé, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ìbánigbófò ilé ni kì í ka owó wúrà mọ́ ẹrù ilé.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà, Ìbàdàn

Ní kí wọ́n fi fọ́tò etí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀. Ike máa ń bo etí mọ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni ojú jíjó máa ń wà. Bí o bá rí i gbà, gbé e síbí ká bá ọ wò ó.

Àdùkẹ́ Tampa

Abíọ́lá, bí ilé gbàǹjo náà bá ní ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn wá fojú rí nǹkan kí wọ́n tó tà á, lọ. Bó bá jẹ́ Florida ni, kọ̀wé sí mi, màá mú awò mi dání, a ó jọ lọ wò ó.